Leo Frobenius: Òyìnbó tó ra Orí Olókun ní Ifẹ̀, àti ẹjọ́ tí kò tán bọ̀rọ̀

Ẹni tó bá ti ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ rí mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀dà ara ọkọ̀ lẹni tó gbọ́n máa kọ́kọ́ wò. Á ní kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Á wo nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, á wo nọ́ńbà chassis, á wá gba ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, á máa fi wọ́n wé ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí nọ́ńbà kan bá fi lè yàtọ̀, wàhálà dé nìyẹn. Ọkọ̀ lè máa dán bíi dígí, bí ìwé rẹ̀ bá ti ń sọ nǹkan tí ara rẹ̀ ò sọ, ọkàn ẹni tó rà á ò ní balẹ̀ mọ́.

Àwọn olówó ilẹ̀ òyìnbó náà ní irú wàhálà yìí, lórí àwọn ọkọ̀ eré-ìje àtijọ́. Ní 1990, ilé ẹjọ́ gíga ní London jókòó lórí ọkọ̀ Bentley kan tí wọ́n ń pè ní Old Number One, èyí tó gba ipò kìíní níbi eré-ìje Le Mans ní 1929 àti 1930. Mílíọ̀nù 10 pọ́n-ùn ni wọ́n fẹ́ rà á. Àwọn tó fẹ́ rà á ló yí ohùn padà, wọ́n ní wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀yà ara ọkọ̀ náà débi pé kì í ṣe òun náà mọ́. Adájọ́ wo ìtàn ọkọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ní òun náà ni.

Ìbéèrè ńlá ni ìbéèrè yẹn o: ṣé òun náà ni, àbí ẹlòmíì tó wọ aṣọ rẹ̀? Àwa ará Ifẹ̀ ti ń bi ara wa ní irú rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Kì í ṣe lórí mọ́tò o. Lórí orí idẹ kan ni, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Orí Olókun. Ọkùnrin tó dá ìbéèrè náà sílẹ̀ ni Leo Frobenius.

Bó bá jẹ́ Ifẹ̀ lẹ ti dàgbà, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ bí orúkọ olè. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe gbọ́ ọ nígbà èwe mi: òyìnbó tó gbé ojúlówó lọ, tó fi ayédèrú sílẹ̀ fún wa. Mo gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì ti sọ ọ́ fáwọn ẹlòmíì pẹ̀lú ẹnu ara mi. Ìtàn ayé ọkùnrin náà ni mo fẹ́ sọ lónìí, torí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti yí padà, ọ̀pọ̀ nínú wa ò sì tíì gbọ́.

Ìlú Berlin ní ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà 1873. Ọ̀gá ológun ni bàbá rẹ̀. Bàbá tó bí ìyá rẹ̀, Heinrich Bodinus, ló jẹ́ olùdarí ọgbà ẹranko ìlú Berlin. Ẹ wo ọmọdé tó jẹ́ pé kìnnìún àti erin tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ tó jìnnà ni bàbá àgbà rẹ̀ ń tọ́jú. Kò yani lẹ́nu pé Áfíríkà gbà á lọ́kàn kó tó fi ẹsẹ̀ kàn án.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwé ò dán mọ́rán fún un. Ó kúrò nílé ìwé láì gba ìwé ẹ̀rí tó lè gbé e wọ yunifásítì. Ó ń ti mùsíọ́ọ̀mù kan bọ́ sí òmíràn, ní Bremen, ní Basel, ní Leipzig, ó ń kàwé fúnra rẹ̀, ó ń yẹ àwọn ère àti ìlù àti ìbòjú tí wọ́n kó wá láti Áfíríkà wò. Ó kọ ìwé ìwádìí kan kó lè fi gboyè ọ̀mọ̀wé, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n dá a padà fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé HND kiri ìgboro wá iṣẹ́ rí, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Èmi tí mo jáde ní pólì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìwọ mọ iṣẹ́, wọ́n á wo bébà, wọ́n á ní kí o lọ jókòó. Àwọn kan á jókòó lóòótọ́. Àwọn kan á wá fi gbogbo ayé wọn ṣe ìjà, kí wọ́n lè fi han àwọn tó lé wọn pé wọ́n ṣi wọ́n lé. Irú èyí ni Frobenius. Ní 1898, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 25, ó dá ibi ìkówèésí tirẹ̀ lórí Áfíríkà sílẹ̀, ó ń kó àwòrán àti ìròyìn jọ síbẹ̀. Ohun tí bébà ò fún un, ó pinnu pé ẹsẹ̀ òun á lọ mú un wá.

Láti 1904 títí di 1935, ó rin ìrìn-àjò ìwádìí 12 lọ sí Áfíríkà. Àkọ́kọ́ ni ti Kóńgò, lágbègbè odò Kasai, láti 1904 sí 1906. Lẹ́yìn ìyẹn, ó gba ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà àti Màlì kọjá dé Tógò. Ibi tí ìṣòro wà ni owó. Kì í ṣe olówó, irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ sì ń jẹ owó bí ẹ́ńjìnnì tó ti gbó ṣe ń jẹ ọ́ìlì. Àwọn mùsíọ́ọ̀mù ilẹ̀ Jámánì ló ń bá a gbé e, òun náà á sì kó ẹrù wálé fún wọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn o. Bí ọkùnrin náà ṣe ń wọ ìlú kan, kì í ṣe ọgbọ́n nìkan ló ń wá. Ó ti gba àsansílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gbé nǹkan padà.

Ní ìparí ọdún 1910 ló dé ọ̀dọ̀ wa. Ó gba Èkó wọlé, ó lọ sí Ìbàdàn, ó sì wá sí Ilé-Ifẹ̀. Ẹnjiníà kan, Albrecht Martius, àti ayàwòrán kan, Carl Arriens, ló tẹ̀ lé e. Ibi tó wù ú jù ni Igbó Olókun, tí wọ́n ń bọ òrìṣà tó ni òkun àti ọrọ̀. Ó gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, ó rí dígí àti ìlẹ̀kẹ̀ àti àfọ́kù ìkòkò. Ó tún rí àwọn orí tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tí wọ́n sun nínú iná, tí ojú wọn dà bí ojú èèyàn tó fẹ́ sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé orí idẹ kan wá síwájú rẹ̀. Adé wà lórí rẹ̀, ìmú rẹ̀, ètè rẹ̀, ìpéǹpéjú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ gún régé. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe kọ ọ́ sínú ìwé, inú ilẹ̀ ni wọ́n máa ń sin orí náà sí nínú igbó, wọ́n á wú u lásìkò ọdún láti bọ ọ́, wọ́n á tún sin ín padà. Frobenius ò rí irú rẹ̀ rí ní gbogbo ibi tó ti rìn dé ní Áfíríkà. Ó bá àwòrò dúnàádúrà. Iye tí wọ́n jọ fẹnu kò sí ni pọ́n-ùn 6 àti ìgò ọtí wisikí kan.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn pọ́n-ùn 6 yẹn kúrò ní kékeré.

Lójú Frobenius, òwò ti parí: òun rí ọjà, òun sanwó, ẹni tó tà á gba owó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi í bí a ṣe máa bi ẹni tó ta ọkọ̀: ṣé ẹni tó tà á ló ni ín? Àwòrò ń tọ́jú orò ni. Bí dírẹ́bà bá ta ọkọ̀ ọ̀gá rẹ̀, rìsíìtì tó kọ fún ọ ò lè sọ ọkọ̀ náà di tìrẹ. Ariwo sọ nílùú, ẹ̀sùn sì dé etí àwọn aláṣẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Charles Partridge, òyìnbó aláṣẹ tó wà ní Ìbàdàn, wá sí Ifẹ̀, ó jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà. Òyìnbó ń dá ẹjọ́ òyìnbó níwájú àwọn ọmọ Odùduwà. Ó pàṣẹ pé kí Frobenius dá Orí Olókun padà.

Ẹ má rò pé ìfẹ́ wa ló ń pa ìjọba Gẹ̀ẹ́sì o. Ọdún 13 péré ṣáájú ìgbà yẹn, ní 1897, àwọn ọmọ ogun wọn wọ Ìbíní, wọ́n sun ààfin, wọ́n sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ idẹ lọ sí London. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò gbé ìyẹn lọ síwájú adájọ́. Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ló ń bínú orí síra wọn lásìkò yẹn, wọn ò sì fẹ́ kí Jámánì wá máa kó ẹrù láàárín ilẹ̀ tí àwọn ń ṣàkóso. Kò tíì sí òfin kankan nílẹ̀ wa nígbà náà tó sọ ohun tí èèyàn lè gbé jáde àti ohun tí kò lè gbé. Ẹnu aláṣẹ ni òfin. Ìdí nìyẹn tí Frobenius fi dá orí idẹ padà, àmọ́ tí díẹ̀ nínú àwọn orí amọ̀ bá a dé Berlin. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló dùn mí ju ríra tó rà á lọ. Ní oṣù Kìíní 1911, ìròyìn jáde nínú ìwé ìròyìn New York Times pé ọmọ Jámánì kan ti rí Atlantis ní Áfíríkà. Atlantis ni ìlú inú ìtàn àwọn Gíríìkì àtijọ́, ìlú tí wọ́n ní omi òkun bò mọ́lẹ̀. Frobenius ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní irú iṣẹ́ tó rẹwà tó báyìí kò lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn èèyàn tí òun bá ní Ifẹ̀, pé àwọn kan ló ti òkèèrè wá ṣe é, tí wọ́n kú, tí àwa wá jogún ilé wọn. Ó tún kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan tó jáde ní 1912. Ṣé ẹ rí i? Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Jámánì wo òun, wọ́n ní láìsí ìwé ẹ̀rí, iṣẹ́ yìí ò lè jẹ́ tìrẹ. Òun náà dé Ifẹ̀, ó sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà fún wa.

Nígbà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, Kaiser Wilhelm Kejì, ọba Jámánì tó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, lo ẹsẹ̀ rẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1915, wọ́n rán an ní iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ lọ sí Etiópíà, kó lọ bá wọn wá ojú rere níbẹ̀. Ó gba Òkun Pupa kọjá, ó dé Ẹritríà tó wà lọ́wọ́ àwọn Ítálì. Wọn ò jẹ́ kó kọjá, wọ́n dá a padà. Ọkùnrin tó ti gba ẹnubodè tí kò lóǹkà kọjá pẹ̀lú ẹrù onírúurú, ẹnubodè kan ló wá dá òun fúnra rẹ̀ dúró.

Lẹ́yìn ogun, ó kó ibi ìkówèésí rẹ̀ lọ sí Munich, lẹ́yìn náà ó kó o lọ sí Frankfurt ní 1925. Yunifásítì Frankfurt fi oyè ọ̀jọ̀gbọ́n dá a lọ́lá ní 1932, ó ti ń lọ sí ọmọ 60 ọdún kó tó rí i gbà. Wọ́n tún fi í ṣe olùdarí mùsíọ́ọ̀mù ìlú náà. Ní àwọn ọdún yìí, ó ń kó àwọn ayàwòrán lọ sínú ihò àpáta ní gúúsù Áfíríkà àti ní aṣálẹ̀ Sàhárà, wọ́n ń ṣe ẹ̀dà àwọn àwòrán tí àwọn èèyàn ìgbà láéláé yà sára òkúta. Ní 1937, wọ́n pàtẹ ẹ̀dà náà ní New York, ní Museum of Modern Art. Iṣẹ́ rere nìyẹn, torí kò yọ òkúta kankan kúrò níbi tó wà. Bó bá ṣe é bẹ́ẹ̀ ní Ifẹ̀ ni, mi ò bá má kọ ohun tí mò ń kọ yìí.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà, kí n má jẹ̀bi ẹ̀tanú. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ ìwé rẹ̀ lórí ìtàn ọ̀làjú Áfíríkà sí èdè Faransé ní 1936, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú kan tó ń kàwé ní Paris. Léopold Sédar Senghor ti Sẹ̀nẹ̀gà wà nínú wọn, Aimé Césaire ti Martinique náà wà níbẹ̀. Òyìnbó kan ló ń sọ fún àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ pé Áfíríkà ní ìtàn, pé ó ní ọ̀làjú, pé irọ́ ni wọ́n ń pa pé ẹhànnà ni wá. Ọ̀rọ̀ náà wọ àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí lára, wọ́n sì lò ó nígbà tí wọ́n ń gbé ìgbé ayé aláwọ̀ dúdú ga nínú ewì àti nínú òṣèlú. Ẹnu kan náà tó gba iṣẹ́ Ifẹ̀ lọ́wọ́ Ifẹ̀ ló ń gbèjà Áfíríkà. Èèyàn ò ní orí méjì, àmọ́ ó lè ní inú méjì.

Ọdún 1938 ni gbogbo rẹ̀ fẹjú. Ní oṣù Kìíní ọdún náà, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni. Ọkọ́ wọn kan idẹ. Orí ló jáde, òmíràn tún tẹ̀ lé e, títí wọ́n fi rí orí idẹ tó lé ní 15. Gbogbo wọn rẹwà, gbogbo wọn dà bí ọmọ ìyá Orí Olókun. Ta ló tún fẹ́ sọ̀rọ̀ Atlantis? Ìlú tó ní ọ̀kan lè jẹ́ pé ó rà á. Èyí tó ní tó báyìí ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, Leo Frobenius kú ní Biganzolo, lẹ́bàá adágún Maggiore ní Ítálì. Ọmọ ọdún 65 ni.

Òun kú, àmọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ò kú. Bí orí Wúnmọníjẹ̀ ṣe jáde ni àwọn kan tún bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ. William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe ìwádìí ní Ifẹ̀ lásìkò náà, gba méjì, ó gbé wọn lọ sílé rẹ̀. Maclear Bate, tó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn Daily Times ní Èkó, ra ọ̀kan, ó sì di ti British Museum ní 1939. Lọ́tẹ̀ yìí, ọba tó wà lórí àléfà mọ ìwé, ó sì mọ bí ìjọba ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọọ̀ni Adéṣọjí Adérẹ̀mí ti ṣiṣẹ́ ní réluwéè, ó sì ti ṣòwò, kó tó gorí ìtẹ́ ní 1930. Ó kó àwọn orí tó kù sí ààfin. Kenneth Murray, òyìnbó olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, náà ń pariwo létí ìjọba pé kí wọ́n ṣe òfin. Bascom dá orí méjèèjì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà ní 1950. Òfin jáde ní 1953 pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde láì gba ìwé àṣẹ, mùsíọ́ọ̀mù Ifẹ̀ sì ṣí ní 1954. Èyí tí Bate rà ṣì wà ní London títí di òní.

Láàárín rògbòdìyàn yìí ni àṣírí kan, tàbí ohun tó jọ àṣírí, tú síta. Ní 1948, Orí Olókun wà ní British Museum fún àyẹ̀wò. Leon Underwood tó jẹ́ agbẹ́gilére àti William Fagg tó jẹ́ onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì tẹ èsì wọn jáde ní 1949. Ọ̀nà tí àwọn àgbà Ifẹ̀ ń gbà rọ idẹ ni pé wọ́n á fi ìda mọ orí lé amọ̀, wọ́n á tún fi amọ̀ bò ó, wọ́n á fi iná sí i títí ìda á fi yọ́ jáde, wọ́n á wá da idẹ síbi tí ìda ti kúrò. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ní orí yìí ò jọ bẹ́ẹ̀, pé inú yanrìn ni wọ́n ti rọ ọ́, bí àwọn òyìnbó ṣe ń rọ irin lóde òní. Ní kúkúrú, ẹ̀dà ni. Ayédèrú.

Yéè! Níbo wá ni ojúlówó wà? Ojú gbogbo ayé yí sí ọkùnrin tó ti kú ní ọdún 11 ṣáájú. Ta ló tún lè ṣe irú ẹ̀ bí kò ṣe òun? Ó ra orí, wọ́n ní kó dá a padà, ó bínú, ó ṣe ẹ̀dà, ó dá ẹ̀dà padà, ó gbé ojúlówó lọ. Ìtàn náà wọlé sí ọpọlọ wa, ó jókòó. Ibi tí kò ti bá ara mu ò jọ wá lójú. Orí náà ò kúrò nílẹ̀ wa láàárín ìgbà tó rà á sí ìgbà tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, àsìkò tó fi wà lọ́wọ́ rẹ̀ ò sì pọ̀. Níbo ló ti fẹ́ rí àgbẹ̀dẹ tó máa bá a rọ irú orí bẹ́ẹ̀ kíákíá láàárín Ifẹ̀ sí Ìbàdàn? A ò bi ara wa. Òkú ò kúkú lè dìde wá jẹ́jọ́.

Ìtàn náà gbilẹ̀ débi pé ó gbé èèyàn ńlá rìn. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, Wọlé Ṣóyínká, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà, gbọ́ pé ojúlówó Orí Olókun wà nínú ilé ẹnìkan ní Bahia, ní Bràsíìlì. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan gbéra, wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n sì rọra yọ́ ọ gbé. Nígbà tí ojú wá là, ẹ̀dà lásán ni, irú èyí tí British Museum ń ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ nínú ìwé ìrántí rẹ̀ tó jáde ní 2006, láì fi ara rẹ̀ pamọ́. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Lẹ́yìn náà ni mo rò ó pé ìfẹ́ ilé ló gbé ọkùnrin náà débẹ̀, àti pé gbogbo ewu yẹn, orí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sínú ìwé ní 1949 ló dúró lé.

Bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Ní 2010, British Museum ṣe ìpàtẹ ńlá kan lórí Ifẹ̀. Nàìjíríà yá wọn ní ọ̀pọ̀ orí, Orí Olókun sì wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ lo àǹfààní náà láti tún un yẹ̀ wò, pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ tí Underwood àti Fagg ò ní. Wọ́n wo ohun tó wà nínú idẹ rẹ̀, wọ́n wo amọ̀ tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, wọ́n fi wé àwọn orí Ifẹ̀ yòókù bí ẹni ń fi nọ́ńbà chassis wé ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Ní 2013, wọ́n tẹ èsì wọn jáde. Ìda ni wọ́n fi ṣe é, bíi ti àwọn àbúrò rẹ̀ ní Wúnmọníjẹ̀. Kò sí ohun tó fi hàn pé ẹ̀dà òde òní ni. Orí tó ti wà lọ́wọ́ wa láti ọjọ́ yìí wá, tí a ń wò pẹ̀lú ìfura, ohun gbogbo ń tọ́ka sí i pé òun náà ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Fún ọdún 64, a ní ojúlówó nílé, a ń wá a kiri òkèèrè. Ọkùnrin tí a pè ní olè lórí orí yìí dá a padà bí wọ́n ṣe ní kó dá a padà.

Èyí ò sọ Frobenius di ẹni mímọ́. Àwọn orí amọ̀ tó kó lọ ṣì wà ní Berlin. Ọ̀rọ̀ Atlantis tó sọ ṣì ń ṣe wá ní jàǹbá, ó kàn pààrọ̀ orúkọ ni: ẹ ṣáà gbọ́ àwọn tó ń sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àwọn ẹ̀dá láti ojú ọ̀run ló kọ́ ilé Áfíríkà. Ìdáhùn sí i sì wà nínú igbó kan náà tó gbẹ́. Ọmọ Yorùbá kan, Abídèmí Babátúndé Babalọlá, gbẹ́ ilẹ̀ ní Igbó Olókun láàárín 2010 sí 2012. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó lé ní 12,000 àti ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí. Àyẹ̀wò fi hàn pé àwọn ará Ifẹ̀ fúnra wọn ló ń po dígí náà láti inú ohun tó wà nílẹ̀ wọn, ní bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Frobenius rí dígí yìí náà. Ó dúró lórí ilé iṣẹ́ wa, ó ń bèèrè ibi tí àwọn oníṣẹ́ ti wá.

Nítorí náà, ẹ̀sùn méjì ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀kan ni pé ó pààrọ̀ orí; a gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀ lórí ìyẹn. Èkejì ni pé ó rí ohun tó jẹ́ tiwa, ó sì ní kì í ṣe tiwa. Orí ìyẹn, ó jẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí a bá fẹ́ kí Berlin gbọ́ ẹjọ́ wa lórí àwọn orí amọ̀, ó yẹ kí àwa náà lè sọ ibi tí ẹ̀sùn wa ò ti dúró. Ní 2022, Jámánì fọwọ́ sí ìwé pé iṣẹ́ idẹ Ìbíní tó wà lọ́dọ̀ wọn ti di ti Nàìjíríà, wọ́n sì gbé 20 wá sílé ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Ariwo nìkan kọ́ ló ṣe ìyẹn. Àwọn èèyàn jókòó, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: èyí ni nọ́ńbà rẹ̀, èyí ni ọjọ́ tó kúrò nílé, èyí lẹni tó gbé e.

Nínú àwọn ọdún 1990, àwọn olè já wọ mùsíọ́ọ̀mù Ifẹ̀, wọ́n kó orí lọ. Ohun tí ẹ lè fi wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí ni fọ́tò àti nọ́ńbà tó wà nínú ìwé. Ohun tí kò bá ní ìwé, ẹni tó bá gbé e lè fún un lórúkọ tó wù ú.

Torí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ japa, tí ìyá àgbà ní kí ẹ gbé ère ìbejì tàbí ọpọ́n Ifá ilé yín dání, ẹ dúró ná. Òfin ilẹ̀ wa ní kí ẹ kọ́kọ́ gba ìwé lọ́dọ̀ àjọ tó ń rí sí mùsíọ́ọ̀mù, kódà bó jẹ́ ère tuntun tí ẹ rà lọ́jà, kí aṣọ́bodè má baà gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfuurufú. Bó bá sì jẹ́ ohun àtijọ́ gidi, ẹ fi sílẹ̀ síbi tó wà. Kó tó di ìgbà yẹn, ẹ yọ fóònù yín síta. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níwájú, lẹ́yìn, nísàlẹ̀. Ẹ bi ìyá àgbà ẹni tó gbẹ́ ẹ àti ọdún tó dé inú ilé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó gbàgbé.

Bí ẹ bá sì tún gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ ní Ifẹ̀ pé ẹ̀dà ni Orí Olókun tó wà lọ́wọ́ wa, ẹ sọ fún un pé wọ́n ti yẹ nọ́ńbà chassis rẹ̀ wò. Ó bá ìwé mu.